Ohun Tí Kò Jó Tán Kò Lè Jẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni. Ẹ̀rọ kan wà tó lè yẹ ìtọ̀ eléré ìdárayá wò, kó sì sọ pé ó ti lo oògùn. Irú ẹ̀rọ yẹn náà lè yẹ oyin wò kó sọ pé wọ́n ti bu ṣúgà sí i. Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu gbogbo ènìyàn á pa. Wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì ti sọ ọ́, ó parí. Èrò tiwa ni pé kò tíì parí. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a bi ẹ̀rọ náà kí a tó gbà á gbọ́: ṣé ohun tí o yẹ̀ wò yìí jó tán?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí kábọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Òun ló wà nínú èédú, nínú ṣúgà, nínú ẹran ara wa, nínú gbogbo ohun tó ti wà láàyè rí. Kábọ́ọ̀nù ní ìbejì. Ọ̀kan fúyẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 12. Èkejì wúwo jù ú lọ díẹ̀, òun ni kábọ́ọ̀nù 13. Ojú kan náà ni wọ́n ní, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìwọ̀n nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí a bá ka 100 nínú wọn, nǹkan bíi 99 ló jẹ́ èyí tó fúyẹ́, ọ̀kan péré ló wúwo. Àwọn méjèèjì kì í tú ká, ọdún kì í yí wọn padà. Ìdí nìyẹn tí ìwé Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa fi ń pè wọ́n ní isotopes stables.

Àwọn ewéko kì í kó ìbejì yìí jọ lọ́nà kan náà. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ẹ̀wà, sójà, àlìkámà àti ọ̀pẹ dà bí oníbàárà tó jókòó ti agbọ̀n tòmátì tó ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á fi púpọ̀ nínú èyí tó wúwo sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ní tiwọn dà bí ẹni tó gbé odidi agbọ̀n lọ láìṣà á. Nítorí náà, èyí tó wúwo pọ̀ lára àgbàdo ju ti ara iṣu lọ. Bí a bá fi wọ́n wé òkúta ìwọ̀n tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí, iṣu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 27 nínú ẹgbẹ̀rún sísàlẹ̀ rẹ̀, àgbàdo àti ìrèké ní nǹkan bíi 12 nínú ẹgbẹ̀rún. (Òkúta ìwọ̀n yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ara ẹran omi àtijọ́ kan tó ti di òkúta, tí wọ́n wà jáde ní South Carolina ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lò ó títí ó fi tán. Ìwọ̀n tó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní VPDB. V tó wà níwájú rẹ̀ ni ìlú Vienna, níbi tí àjọ àgbáyé fún agbára átọ́mù wà.)

Ohun tí a bá jẹ ni ara wa fi ń kọ́ ilé ara rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ àti àkàsà lálẹ́ ní Àjàṣẹ́, àti ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì àlìkámà ní Paris, kábọ́ọ̀nù ara wọn kò lè rí bákan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìbejì yìí kò lè ka oyin bó ṣe wà, kò sì lè ka ìtọ̀. Gáàsì nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sun ohun náà títí gbogbo kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yóò fi di gáàsì kábọ́níìkì, irú èyí tí à ń mí síta. Wọ́n á wọn díẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn kò tó mílígíráàmù kan. Wọ́n á dì í sínú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí Faransé ń pè ní étain, wọ́n á jù ú sínú ìléru tó gbóná tó nǹkan bíi 1000 digrí, wọ́n á sì fẹ́ ọ́ksíjìn lù ú lójijì. Irin yẹn fúnra rẹ̀ á gbiná, ooru ibẹ̀ á sì fò kọjá 1700 digrí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà gáàsì yìí á gba àárín àwọn èròjà bíi bàbà tó ti gba ọ́ksíjìn sára kọjá, kí èyí tí kò tíì jó lè jó níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ á tó wá ka èyí tó wúwo ní 44 àti èyí tó wúwo ní 45, á fi ọ̀kan wé èkejì.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí, ẹ mọ̀ pé iná ju iná lọ. Igi gbígbẹ tó rí atẹ́gùn dáadáa á jó, eérú funfun nìkan ni yóò kù. Igi tútù á máa rú èéfín, ẹ̀yìn ìkòkò á dúdú. Dúdú yẹn, kábọ́ọ̀nù tí kò jó ni. Gáàsì olóró tó ń pa ẹni tó bá gbé èédú wọ yàrá tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn, kábọ́ọ̀nù tó jó dé ààbọ̀ ni. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìléru olówó ńlá tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Kò sí oyè tí ẹnì kan gbà ní yunifásítì tó lè yí òfin iná padà.

Nínú iná tí kò tó, ìbejì méjèèjì kì í jáde pọ̀. Èyí tó fúyẹ́ ló máa ń tètè já kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó wúwo á máa fà sẹ́yìn. Bí iná bá kú ní agbedeméjì, gáàsì tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ á fúyẹ́ ju ohun tí wọ́n sun lọ, púpọ̀ nínú èyí tó wúwo á sì kù sínú dúdú tó lẹ̀ mọ́ páìpù. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kà, á sì kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn virgule, gbogbo wa á rò pé òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ó tún kù. Dúdú tó kù sínú páìpù yẹn lè wá jó nígbà tí wọ́n bá ń sun ohun tó tẹ̀lé e, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ Lágbájá ti di ti Tàmẹ̀dò. Bó bá sì jẹ́ náítírójìn ni wọ́n ń wá, ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: gáàsì olóró tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wúwo ní 28, náítírójìn náà wúwo ní 28, ẹ̀rọ á wá máa ka àlejò mọ́ onílé.

Ṣúgà kì í fún wọn ní wàhálà, ó máa ń jó tán. Àwọn olóríkunkun ló ń da ilé àyẹ̀wò láàmú. Èédú wà lára wọn, àti dúdú inú pẹ́ńsùlù tí a fi ń kọ̀wé. Èròjà tí wọ́n fi ń pa inú àwo ìdín-ẹyin tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ wà lára wọn, nítorí fluorine di kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mú bí ẹni di ẹrù fún ọ̀nà jíjìn. Bó bá tilẹ̀ jó, ohun tó ń tú jáde nínú rẹ̀ ń jẹ dígí páìpù náà. Àwọn èròjà tí kábọ́ọ̀nù bá so ara wọn ní òrùka nínú wọn náà ṣòro ju ṣúgà lọ. Testosterone, èròjà tó ń mú kí ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, òrùka mẹ́rin ló so pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi testosterone yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ènìyàn gan-an. Testosterone tí ara ṣe fúnra rẹ̀ máa ń jọ oúnjẹ tí ẹni náà ń jẹ. Èyí tí ilé iṣẹ́ oògùn ṣe, ara ewéko ni wọ́n ti fà á yọ, pàápàá sójà, tó wà lágbo iṣu àti ẹ̀gẹ́. (Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1945, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Amẹ́ríkà, fi iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ẹbí iṣu wa ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má gbàgbé.) Nítorí náà ti inú abẹ́rẹ́ máa ń fúyẹ́ ju ti ara lọ. Bí wọ́n bá rí i nínú ìtọ̀ pé testosterone fúyẹ́ jù, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ni.

Ẹ rántí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa iná. Iná tí kò tó máa ń mú kí gáàsì fúyẹ́. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí àṣìṣe ìléru ń tì èsì sí, ọ̀nà ẹ̀bi ni! Ìléru tó ti rẹ̀, tí ọ́ksíjìn ara bàbà rẹ̀ ti tán, lè sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà mọ èyí, ohun tí wọ́n sì ṣe sí i wù wá gan-an. Wọn kì í fi testosterone ẹni kan wé ti ẹlòmíràn. Nínú ìtọ̀ kan náà, wọ́n á mú èròjà mìíràn tí abẹ́rẹ́ testosterone kì í fọwọ́ kàn, tó jọ ọ́ ní òrùka, wọ́n á sun ún nínú ìléru kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ara rẹ ni wọ́n ń fi wé ara rẹ. Bí o bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, èròjà méjèèjì á jọ àgbàdo. Bí o bá jẹ́ oníbúrẹ́dì, méjèèjì á jọ àlìkámà. Bí iná bá sì ṣe àbùkù díẹ̀, àbùkù náà á kan àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní yí púpọ̀. Ká ní wọ́n fi gbogbo aráyé wé àwọn tó ń jẹ àlìkámà ni, ọmọ wa tó ń jẹ àgbàdo ì bá lo oògùn kó mú un jẹ, nítorí ara rẹ̀ wúwo láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò yìí dúró lórí ohun kan: kí èròjà méjèèjì jó bákan náà. Bí ọ̀kan bá lágídí ju èkejì lọ, iná ti ṣe ojúsàájú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2006, nínú Tour de France, Floyd Landis ọmọ Amẹ́ríkà gun kẹ̀kẹ́ láti Saint-Jean-de-Maurienne dé Morzine bí ẹni tí nǹkan ń lé. Ilé àyẹ̀wò tó wà ní Châtenay-Malabry, lẹ́bàá Paris, ní testosterone àjèjì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ni wọ́n gbé lé e: ọ̀kan tó ń wo iye testosterone, èkejì tó ń wo ìbejì kábọ́ọ̀nù. Nígbà yẹn, bí ìyàtọ̀ àárín èròjà méjèèjì bá ti tó 3 nínú ẹgbẹ̀rún, ẹjọ́ ti dé. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ tú iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Malibu ní oṣù karùn-ún 2007. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn onídàájọ́ mẹ́ta ju àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nù, wọ́n ní wọn kò ṣe é bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù dúró, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ló gbà á, ẹnì kan kọ̀. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2008. Ní 2010, Landis jẹ́wọ́ pé òun ti ń lo oògùn fún ọdún mélòó kan, síbẹ̀ kò jẹ́wọ́ testosterone ti ìdíje 2006 yẹn.

Àwọn kan á ní, ó ṣáà jẹ́wọ́, kí ló tún kù? Ohun tó kù pọ̀. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kò sọ bóyá wọ́n wọn nǹkan dáadáa lọ́jọ́ náà. Olè lè jẹ́ olè, kí ẹ̀rí tí wọ́n fi mú un sì jẹ́ ẹ̀rí jákujàku. Bí a bá gba ẹ̀rí jákujàku nítorí pé olè ni ó mú, ọjọ́ tó bá mú ọmọ wa tí kò jalè, kí ni a ó sọ?

Ẹ wo oyin náà. Oyin tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì láti Dàsà sókè, bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á sí Yúróòpù, àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù lè dé bá a. Òdòdó igi ni oyin ti wá jù, nítorí náà ó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 25 nínú ẹgbẹ̀rún sísàlẹ̀ òkúta ìwọ̀n. Ṣúgà ìrèké, irú èyí tí ìrèké oko Ṣábẹ ń fún wa, wúwo jù ú lọ fíìfíì. Bí o bá bu ṣúgà ìrèké sí oyin, oyin á wúwo. Níhìn-ín pẹ̀lú, wọn kì í fi oyin Kétu wé oyin Faransé: wọ́n á yọ prótéìnì inú oyin náà, wọ́n á sun ún lọ́tọ̀, wọ́n á sun oyin fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí oyin bá fi ju 1 nínú ẹgbẹ̀rún wúwo ju prótéìnì rẹ̀ lọ, wọ́n á ní ṣúgà ti wọ̀ ọ́. Ọ̀kan péré! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí prótéìnì yẹn kò bá jó tán, tí ó sì fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, oyin gidi ti di oyin àdàlù lórí ìwé.

Ohun kan tún ń dùn wá níbẹ̀, a ó sì sọ ọ́. Ṣúgà tí wọ́n ń ṣe ní Faransé, ara betterave ló ti ń wá, betterave sì wà lágbo iṣu. Bí alábòsí kan níbẹ̀ bá bu ṣúgà tirẹ̀ sí oyin, àyẹ̀wò yìí kò ní rí i, wọ́n á ní láti wá àyẹ̀wò mìíràn. Alábòsí tiwa tó lo ìrèké ni yóò bọ́ sọ́wọ́. A kò gbèjà alábòsí kankan o. A kàn ń sọ pé ẹni tó bá gbọ́ pé "oyin yìí yege", ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n wá àti ohun tí wọn kò wá.

Kí ni ó yẹ kí a béèrè nígbà náà? Èyí tó rọrùn jù ni ìṣirò tí ìyá olọ́jà mọ̀. Kaféìnì tó wà nínú obì wa, tí wọ́n tún ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n nínú àwọn ilé àyẹ̀wò, a mọ̀ pé nínú 100 gíráàmù rẹ̀, 49 àti ààbọ̀ ni kábọ́ọ̀nù. Bí ẹ̀rọ bá sun ún tó sì ní 45 lòún rí, níbo ni ìyókù wọlé sí? Ó wà nínú páìpù. Ẹni tó fún ọ ní ṣéńjì tí kò pé, o kì í kọ́kọ́ bi í nípa ìwà rẹ̀, owó ni o máa ń tún kà. Ìwé èsì tó bá fẹ́ kí a gbà á gbọ́, kó sọ iye kábọ́ọ̀nù tó rí. Kó sọ bóyá wọ́n sun ìdajì ìwọ̀n náà àti ìlọ́po méjì rẹ̀ tí èsì kò sì yí. Kó sọ òṣùwọ̀n tí wọ́n sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí òṣùwọ̀n náà sì jọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n: bí testosterone ni, kí wọ́n má fi ṣúgà tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ṣe òṣùwọ̀n fún un.

Fún àwọn olóríkunkun, wọ́n lè fi vanadium tó ti gba ọ́ksíjìn sára kún un, wọ́n lè dín ìwọ̀n kù, wọ́n lè fi kún ọ́ksíjìn. Ọ̀nà àtijọ́ ni àwa fẹ́ràn jù: kí wọ́n ti ohun náà pẹ̀lú bàbà tó gba ọ́ksíjìn mọ́ inú dígí tí wọ́n ti dí pa, kí wọ́n fi sínú iná bíi 900 digrí fún wákàtí púpọ̀. Ó lọ́ra, owó kò sí nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò 100 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kò ríbi sá lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa fi í yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ ayára wò lóòrèkóòrè, pàápàá níbi tí orúkọ ènìyàn bá wà nínú ewu.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ náà. Nínú ẹ̀kọ́ PCT, àwọn ọmọ wa ń kọ combustion complète àti combustion incomplète sínú ìwé, wọ́n á kà á lórí, wọ́n á gba máàkì. Bí o bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá wọn nílé, wọ́n á dákẹ́. Àbẹ́là kan àti àwo funfun kan ti tó: ẹ gbé àwo náà sórí iná àbẹ́là, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ló dé tí ìyẹn kò fi di gáàsì. Ọmọ tó bá lè dáhùn ní Yorùbá lè dúró níwájú ilé àyẹ̀wò èyíkéyìí ní ọ̀la, kó bèèrè ìbéèrè tí wọn kò ní lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n a nílò ọ̀rọ̀ tó kúrú. "Iná tí kò jó tán" gùn jù fún ojú pátákó. Ẹ̀yin àgbà Ṣábẹ, ẹ̀yin Ìfẹ̀ ti Togo, ẹ̀yin tó ń ṣe èédú ní ìhà Pọ́bẹ̀, kí ni ẹ máa ń pe igi tí iná kọjá lára rẹ̀ tí kò sì di eérú? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, pẹ̀lú orúkọ ìlú yín, kí a lè mú un wọ kíláàsì.